Bí A Ṣe Ń Yan Revolver Single-Action Ọlọ́ta Ńlá fún Yínyin Agolo àti Ọdẹ

Ìbọn ìléwọ́ tí o kò lè yìn ní ìgbà ọgọ́ta lọ́jọ́ kan kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, má gbé e wọ igbó. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Amẹ́ríkà, ọta tó tóbi jù lọ ni ojú wọn máa ń lọ. Wọ́n á rà á, wọ́n á yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó di ohun tó ń sùn nínú àpótí. Texas ni mo ń gbé. Mò ń yin agolo lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó nígbà òtútù. Bó bá jẹ́ àbúrò mi ni mo fẹ́ yan revolver single-action fún, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ onísílíńdà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kó tó yìn ín, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin fi ọ́ sí

Ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Wàá kọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ sínú Fọ́ọ̀mù 4473, má sì purọ́ kankan sínú rẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ẹni tó fi fisà ìgbà díẹ̀ wọlé, òfin kà á léèwọ̀ fún un, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí òfin náà fi sílẹ̀, irú bíi kéèyàn ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí lọ́yà kó tó fọwọ́ kan ìbọn rárá.

Ní Texas níbí, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Láti 2019, ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò gba ìwé àṣẹ ọdẹ mọ́ lórí ilẹ̀ aládàáni, bí onílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Àgbọ̀nrín ṣì ń gbà á. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ka ti ibi tí o wà.

Má sì rò ó pé wàá gbé e relé bí o bá ń lọ ṣe Kérésì. Òfin Ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà ka revolver mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ní Britain náà, láti 1997 ni wọ́n ti gba irú ìbọn yìí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú.

Mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Colt Single Action Army ti 1873, èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà gbé lórí ẹṣin, ni bàbá gbogbo wọn. Apátí irú ìbọn yìí, ìyẹn irin tí ìka ń fà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó jẹ́ kí òòlù, ìyẹn irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń mú kí ọta dún, ṣubú. Ibi tí orúkọ single-action ti wá nìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ ló máa kọ́kọ́ fa òòlù sẹ́yìn; bí òòlù ṣe ń lọ sẹ́yìn ni sílíńdà, irin roboto tí ihò ọta mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ń yí, tí ọta tuntun ń bọ́ sí ojú ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, o tún gbọ́dọ̀ fà á.

Kíkì í gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn sílíńdà. Lórí irú ti Colt, wàá fa òòlù dé ìdajì kí sílíńdà tó lè yí. Lórí ti Ruger, ilé iṣẹ́ ìbọn Amẹ́ríkà mìíràn, tí wọ́n ṣe láti 1973, bí o bá ti ṣí ìlẹ̀kùn náà, ó ti parí. Wàá ti ọta kan wọlé, wàá fi ìka yí sílíńdà díẹ̀, wàá ti òmíràn. Bí o bá yìn wọ́n tán, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ ẹnu ìbọn lo máa fi ti ìkarahun jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á sì gbóná lọ́wọ́. Ó ń falẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀: kò sí bí o ṣe máa da ọta nù láìronú.

Ohun kan wà níbí tí kò ṣeé fojú fò. Lórí irú ti Colt àtijọ́, bí òòlù bá wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sinmi lórí ìdí ọta. Bí ìbọn bá jábọ́, ó lè dún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ki ọta márùn-ún sínú ihò mẹ́fà, tí wọ́n á jẹ́ kí òòlù dúró lórí ihò òfìfo. Ní 1973 ni Ruger fi irin pẹlẹbẹ kan sínú tirẹ̀: àfi bí ìka bá fa apátí nìkan ni agbára òòlù ń dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Bí o bá ra Blackhawk, ìyẹn revolver single-action ti Ruger, tó ti wà ṣáájú ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ náà máa ń bá èèyàn fi irin náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní irin yìí ni mo fọwọ́ sí.

Yan ọta kí o tó yan ìbọn

Mẹ́ta ni mo máa gbé síwájú rẹ: .45 Colt, .44 Magnum àti .454 Casull. Ìyàtọ̀ wọn hàn nínú agbára tí inú ihò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ọta fi lélẹ̀ fún .45 Colt jẹ́ 14,000 psi (pọ́n-ùn lórí ìnṣì kan níbùú lóròó), ti .44 Magnum jẹ́ 36,000, ti .454 Casull sì jẹ́ 65,000. Tún ka nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, ọwọ́ kan náà ló sì máa gbà á.

.44 Magnum, tó jáde ní 1955, ni mo máa rà fún àbúrò mi. Ìbọn kan yìí lè jẹ ọta méjì: .44 Special wọ inú rẹ̀ dáadáa, èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń sáré bíi 750 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni ti agolo. Tó bá di ti ẹran, ki .44 Magnum olórí 240 grain (ìwọ̀n ìwúwo orí ọta) sí i, tó ń sáré tó 1,350. Bí .454 Casull náà ṣe ń jẹ .45 Colt nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbọn rẹ̀ gbówó lórí, mi ò sì tíì rí ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí .44 kò tó fún bí ọta bá bá a níbi tó yẹ.

.45 Colt náà dára, ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe .45 Colt alágbára tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ti Blackhawk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Bí o bá ki irú ọta yẹn sínú Colt, tàbí sínú àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Ítálì ní àwòrán Colt, sílíńdà lè fọ́ lójú rẹ. Ka ohun tó wà lára páálí ní gbogbo ìgbà.

Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yan èèkù

Èyí ni mo fẹ́ kó yé ọ jù. Revolver kan wà tí mo kọ́kọ́ rà, irin tó yí apátí rẹ̀ ká ní igun lẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tó bá dún, igun yẹn á gbá oríkèé ìka mi àárín. Nígbà tí mo yin ìkẹjọ, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára èèkù. Nígbà tó yá, ojú mi ti ń pa dé kí òòlù tó ṣubú, ọta sì ń lọ sínú koríko. Ọta ọ̀hún kò lágbára jù mí lọ. Èèkù ni kò bá ọwọ́ mi mu.

Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀bù, sọ fún olùtajà kó fi hàn ọ́ pé òfìfo ni, kí ìwọ náà yẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Lẹ́yìn náà, dì í mú. Ṣé ìka àárín jìnnà sí irin ẹ̀yìn apátí? Ṣé àtàǹpàkò dé òòlù láìtú ọwọ́? Èèkù Colt àtijọ́ máa ń yí sókè nínú àtẹ́lẹwọ́ bí ìbọn bá dún, ó sì tù mí lára pẹ̀lú ọta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èèkù Bisley gùn, ó dúró gbọnrangandan, òòlù rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Pẹ̀lú ọta ńlá, òun ni mo máa ń yàn.

Ní ti gígùn ẹnu ìbọn, ìnṣì 5.5 rọrùn láti so mọ́ ìbàdí, 7.5 sì rọrùn láti fojú sùn. Fún iṣẹ́ méjèèjì, mú èyí tí ojú ìfojúsùn rẹ̀ ṣeé yí. Super Blackhawk ti Ruger onínṣì 7.5 wúwo tó bíi kílò kan àti ààbọ̀ bí ọta bá wà nínú rẹ̀, ìwúwo yẹn sì máa ń dín títa rẹ̀ kù.

Bó bá jẹ́ tokunbọ̀

Fa òòlù díẹ̀díẹ̀: sílíńdà gbọ́dọ̀ ti há kí òòlù tó dé ẹ̀yìn pátápátá. Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ní ihò kọ̀ọ̀kan. Mi sílíńdà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, fi í sílẹ̀. Wo àlàfo àárín sílíńdà àti ẹnu ìbọn síbi ìmọ́lẹ̀, kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pépà. Iná ń tibẹ̀ jáde bó bá dún, ìka kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Bẹ̀rẹ̀ kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká dojú ẹ̀ kọ òun? Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn agolo, kì í ṣe òkúta, kì í ṣe omi. Di etí rẹ, wọ awò, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo fẹ́ yìn. Nílé, tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí níbi tí ọmọdé mọ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .44 Special ní yáàdì mẹ́wàá. Nígbà tí agolo kò bá yẹ̀ mọ́, gbé àwo pépà onínṣì mẹ́jọ kọ́ ní yáàdì 25, kí o sì ki Magnum. Ìwọ̀n ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà ló tó bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wọ inú àwo, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sún un lọ sí 35, lẹ́yìn náà 50. Ibi tí ìkẹfà bá ti jáde kúrò nínú àwo, kọ nọ́ńbà yáàdì náà sílẹ̀. Ẹran tó bá jìnnà ju ibẹ̀ lọ, jẹ́ kó máa lọ.