Leaf àbí Kona: bí mo ṣe wa méjèèjì nínú oòrùn Abuja kí á tó ta ọ̀kan

Mọ́tò oníná méjì ló wà nílé wa ní Gwarinpa. Nissan Leaf ọdún 2018, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èmi ni mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area. Èkejì ni Hyundai Kona Electric tó wá láti Jámánì, ọkọ mi ló ń wà á. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti ilé tí a ń kọ́ ti fi hàn wá pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, a wá jọ sọ ọ́ pé kò ní jẹ́ ẹni tóhùn ẹ̀ bá ròkè jù ló máa yan èyí tó máa kù, a máa wa méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà, ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, ká tó mọ èyí tí a máa tà.

Kí n tó dórí mọ́tò, ẹ jẹ́ n sọ ti iná ná, torí ibẹ̀ niṣẹ́ ti pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kí fíríìsà àti pọ́ǹpù omi da ìṣirò mi rú, mo bá ní kí ẹlẹ́tíríṣàn wa fa wáyà tó nípọn láti bọ́ọ̀dù wá síbi tí à ń gbé mọ́tò sí, kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo síbẹ̀, kó sì so mítà kékeré mọ́ ọn, irú sub-meter tí àwọn lańlọ́ọ̀dù fi ń pín owó iná fáwọn ayálégbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi extension ṣáàjì mọ́tò. Kéébù tó ń bá mọ́tò wá yìí lè máa fa 10A láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìsinmi, extension tí a ń rà lọ́jà kò lè gbà á, á gbóná títí á fi yọ́. Èyí tó tún wá ṣòro jù ni earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Kéébù máa ń yẹ ilé wò kó tó jẹ́ kí iná kọjá, bí earth ò bá dáa iná pupa ló máa tàn, mọ́tò ò ní gba nǹkankan. Ilé wa ò ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti ri irin bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n fa wáyà wá láti ibẹ̀, ìgbà yẹn niná pupa tó kú.

Ẹni tó bá sì ń ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, kó wo ara kéébù ẹ̀ dáadáa kó tó kì í bọ iná, 120V ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, 230V ni tiwa. Tí kò bá kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó ń gba 240V, òmíràn ni kẹ́ ẹ rà. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì àwọn méjèèjì ò tún bára mu, Type 1 ni ti Leaf, Type 2 ni ti Kona, nítorí náà kéébù kan ò lè sin méjì. Àwọn tó ń rò pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ mú un kúrò lọ́kàn, nǹkan bíi 2.3kW ni kéébù yẹn ń fà, ó ju agbára ẹ̀ lọ.

Ó yá, ìṣirò. Yúníìtì kan lórí mítà, kWh kan ni. Títì wa wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná máa ń pọ̀ fún jù, iye tí AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná l'Abuja, sì ń gbà láti July 2024 ni ₦209.5, tí ẹ bá ro VAT mọ́ ọn ó ń lọ sí ₦225. A wa mọ́tò méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà, Gwarinpa bọ́ sí Kubwa Expressway, Berger, Central Area, ká sì padà, AC ń ṣiṣẹ́ lọ tàtàbọ̀, torí ta ló fẹ́ paná AC l'Abuja nínú oṣù kẹta? Alaalẹ́ ni mò ń ka mítà kí n tó ki kéébù bọ̀ ọ́, mo tún ń kà á láàárọ̀. Leaf ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 19 fún 100 kílómítà, Kona ń jẹ bíi 17. Ó yà mí lẹ́nu o. Bátìrì Kona jẹ́ 64kWh, ti Leaf jẹ́ 40, mo ti rò pé ẹni tíkùn ẹ̀ tóbi ló máa jẹun jù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká sọ ọ́ lówó, Leaf ń ná wa tó ₦4,300 fún 100 kílómítà, Kona ń ná wa bíi ₦3,800. Corolla tí a ní tẹ́lẹ̀ ń mu bíi lítà mẹ́sàn-án fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ká ní ₦900 ni lítà, ₦8,100 nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí epo kúrò ní bíi ₦190 tó di ₦537 l'Abuja láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni ọkọ mi ti ń pariwo mọ́tò oníná, mo sì gbà báyìí pé òótọ́ ló sọ.

Ti wíwà. Ẹ má bínú, Leaf ni mo fẹ́ràn láti wà. Ó ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní e-Pedal, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ fi máa wà á, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á lọ, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò á fa ara ẹ̀ títí á fi dúró pátápátá, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Berger láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ mi kì í dùn mí mọ́ rárá. Ẹ̀yìn ẹ̀ tún gba ẹrù ju ti Kona lọ, ìjókòó ẹ̀yìn gba àwọn ọmọ dáadáa láìsí pé eékún ẹnikẹ́ni ń gún ẹni iwájú. Kona náà ní tiẹ̀, nǹkan bí ewé kékeré méjì wà lẹ́yìn síárìn tẹ́ ẹ fi ń sọ bó ṣe máa fà tó, tẹ́ ẹ bá di ti òsì mú, á dúró. Ó lágbára ju Leaf lọ fíìfíì, kódà ó ti pọ̀ jù fún táyà iwájú, tí òjò bá rọ̀ tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lójijì ní ráńdábáòtù, táyà á máa yí lásán kó tó di ilẹ̀ mú, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ọkọ mi máa fi sí Eco nígbà òjò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà sí mi lọ́kàn ni oòrùn. Bátìrì Leaf ò ní omi tó ń tù ú, afẹ́fẹ́ lásán ni, bí ìta bá gbóná bátìrì á gbóná, kò sì ní tètè tutù. Kona ní omi tó ń yí ká inú bátìrì ẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi, kò sí ibòji fún gbogbo mọ́tò, ẹni tó bá pẹ́ dé, inú oòrùn ló máa páàkì sí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń wo gééjì ooru bátìrì Leaf tí mo bá ń padà sílé, nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ó ń súnmọ́ pupa, alẹ́ náà ni mo sì tún máa ń ki iná bọ̀ ọ́. Ooru ló ń jẹ bátìrì. Báà kéékèèké méjìlá ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf tó ń sọ bí bátìrì ṣe dáa sí, ọ̀kan kì í lọ títí á fi pàdánù bíi 15%. Méjìlá ló pé nígbà tí a rà á, mọ́kànlá ló kù báyìí. Mo ra ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ibi OBD lábẹ́ síárìn, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò, mo fi áàpù Leaf Spy wò ó lórí fóònù, ó ní agbára bátìrì ku 84%. Ohun tí bátìrì bá pàdánù báyìí, kì í padà.

Kí ni ìyẹn wá jẹ́ lójoojúmọ́? Tí Leaf bá kún, ó ń gbé mi tó bíi kílómítà 190 nínú Abuja. Ó tó. Kò sẹ́ni tó ń wa kílómítà 190 láàárín Gwarinpa sí Garki lójúmọ́, kódà kó já sí Lugbe kó tún padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Lokoja, a sì máa ń lọ kí wọn. Bíi kílómítà 200 ni, ẹ gba Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe, mi ò ní dán an wò pẹ̀lú Leaf láéláé. Kona la gbé lọ. A jáde pẹ̀lú bátìrì tó kún, a ò sáré jù, a débẹ̀ ó ku nǹkan bí ìlàjì. A ki kéébù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀gbọ́n mi, iná wà títí ilẹ̀ fi mọ́, wákàtí méjìlá ní 2.3kW, bíi 27kWh nìyẹn, tá a bá rò ó mọ́ èyí tó kù nínú bátìrì, ó ju ohun tá a nílò láti fi padà sílé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà kí n san owó iná, mo fi ẹja Koton Karfe dípò ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ n sọ èyí fún ẹni tó ń wá Kona tòkunbọ̀. Ní 2021, Hyundai pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ Kona padà kárí ayé torí bátìrì tó lè gbaná, wọ́n sì ń pààrọ̀ bátìrì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ńbà chassis, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣe tiẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ti tiwa kó tó kúrò ní Jámánì, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, láìsí ìwé yẹn a ò bá tí rà á.

Bí a ṣe jókòó ka gbogbo ohun tí mo kọ nìyẹn, èmi tí mo fẹ́ràn Leaf ni mo kọ́kọ́ sọ pé ká tà á. Ẹni tó rà á ń gbé ní Kubwa, Dutse tó wà nítòsí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀ kúrú, ibòji máńgòrò wà níbi tó ń páàkì sí, Leaf máa sìn ín dáadáa. Mo fi nọ́ńbà Leaf Spy hàn án kó tó sanwó, mo sọ fún un pé kó má máa ṣáàjì kọjá 80% àfi tó bá fẹ́ rìn jìnnà, àti pé tó bá dé láti inú oòrùn, kó jẹ́ kó tutù di òru kó tó kiná bọ̀ ọ́.

Kona ló ń gbé àwa méjèèjì báyìí, èyí sì ti mú wàhálà tiẹ̀ wá: tó bá ku díẹ̀ kí bátìrì tán, kéébù kékeré yẹn máa ń gbà ju ọjọ́ kan lọ kó tó kún. A fẹ́ gbé wall charger 7kW sára ògiri, ìyẹn á mú un kún láàárín alẹ́ sí àárọ̀. Ẹlẹ́tíríṣàn ní 32A nìyẹn, wáyà tó ti orí pole wọlé wa ti tín-ín-rín jù fún un, òun ni a ń tu owó jọ fún báyìí.