Bí a ṣe lè fi fóònù wọn gíga àpáta Olúmọ

Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí á ti gbọ́ iye náà: mítà 137. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó wo àpáta náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ní, "Àǹtí, kò mà tó bẹ́ẹ̀ o." Òótọ́ ló sọ, 137 náà kì í sì í ṣe irọ́. Ojú òkun ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ẹsẹ̀ àpáta. Kí àpáta tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ilẹ̀ Abẹ́òkúta ti ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá dárúkọ gíga fún yín, ẹ bi í pé láti ibo.

Láti ẹsẹ̀ àpáta la fẹ́ wọn tiwa. Ẹ wá fóònù tó ní bàrómítà, ìyẹn ohun tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ tó, nínú (àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní in), ẹ gba áàpù rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì pa dátà. Iye tó ní hPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka títẹ̀ afẹ́fẹ́) lẹ́yìn ni ẹ ń wá. Ẹ gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wò: bí iye náà bá ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń gòkè, fóònù yín kúnjú ìwọ̀n.

Ìdí tó fi ń wálẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ wúwo. Bí a bá gòkè, èyí tó kù lórí wa dín kù. Ní 1648, Blaise Pascal, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Florin Périer, gbé bàrómítà gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé, ohun tó sì rí níyẹn.

Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Olúmọ, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ kọ iye àti aago sílẹ̀. Ẹ gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tún sinmi, ẹ kọ tòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ojú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ẹ kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, iye yìí máa ń ga ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀, á sì máa lọ sílẹ̀ títí di nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ó lè fi hPa 3 dín. Fóònù tó wà lórí tábìlì látàárọ̀ á rò pé ilé ti ga sí i ní mítà 27!

Ká ní ẹ rí 1003.6 nísàlẹ̀, 999.4 lókè, 1003.0 nígbà tí ẹ padà. Ìdajì àpapọ̀ ti ìsàlẹ̀ méjèèjì jẹ́ 1003.3. Ẹ yọ 999.4 kúrò, ó ku 3.9. Lọ́dọ̀ wa, hPa kan tó bá dín jẹ́ nǹkan bíi mítà 9 lókè, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9: mítà 35. Mítà 8 lé díẹ̀ ni ìwé sábà máa ń kọ fún hPa kan, ṣùgbọ́n ibi tó tutù ju tiwa lọ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ìyẹn la ṣe ń lo 9.

Bí aago gíga inú bàálù ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí. Kí awakọ̀ òfurufú tó balẹ̀, á gba iye hPa ti ọjọ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń darí bàálù, á sì yí aago sí i. Bó bá fi hPa 10 ṣì í, aago á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 parọ́ fún un. Nínú ọyẹ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ìyẹn lè pa gbogbo èrò ọkọ̀. Lókè réré, hPa 1013 ni gbogbo wọn ń lò, kí aago wọn lè bára mu, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.

Ní ti ara wa, bí àyà bá fún yín lórí Olúmọ, ẹ má dá gíga lẹ́bi, ẹ lọ rí dókítà. Nǹkan bíi mítà 2,500 ni àìsàn orí òkè ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn tí à ń mí sínú kò tó mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú bàálù tó ń fò lókè lè dà bíi ti mítà 2,400. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì máa mu omi dáadáa nínú ọkọ̀.