Bí mo ṣe fi omi gé ìgò nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bí ẹnu ìgò tí mo fi ṣe fìtílà yẹn ṣe gún régé, omi ni mo fi gé e o, omi gbígbóná àti omi tútù. Mi ò lo òwú tí wọ́n ń rẹ sínú epo, tí wọ́n ń wé mọ́ ìgò kí wọ́n tó ṣáná sí i, torí iná yẹn máa ń gba ibi tó fẹ̀ lára ìgò, ibi tó bá wu ìgò ló máa là gbà, epo sì lè kán séèyàn lọ́wọ́ kí iná tẹ̀ lé e.

Ìgò wáìnì ni mo lò. Ìgò bíà tí a máa ń dá padà, owó ìgò wà lórí ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníbíà. Èyí tí wọ́n fi ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ yẹn, lẹ́bàá títì níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ńkọ́? Ẹ má dán an wò, òórùn epo yẹn kì í tán nínú ẹ̀ bọ̀rọ̀, èmi ò sì ní gbé e sún mọ́ ibi tí mo ti ń fi èédú se omi.

Mo ra irin tí wọ́n fi ń gé gíláàsì lọ́jà Ouando, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín lẹ́nu, kí n lè fi fa ìlà yí ìgò ká kí n tó da omi sí i. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé rí i lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àbúrò, ìlà ẹ̀ẹ̀kan ni o, má padà sórí ẹ̀."

Mo ní, "Tó bá wá fo ibì kan ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá tún un fà, ẹnu kẹ̀kẹ́ á kú, ẹnu ìgò náà á sì rí játijàti."

Kápẹ́ńtà àdúgbò wa bá mi kan pákó méjì mọ́ra kí ìgò lè dùbúlẹ̀ sáàárín wọn, ó fi ìkẹta dí ìdí ẹ̀ kó má lè sún. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo kán epo máṣíìnì díẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ irin yẹn, mo wá di irin mú sójú kan, ìgò ni mò ń yí. Etí lẹ máa fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀: tó bá ń dún ṣííí láìdáwọ́ dúró, ó ti ń wọlé nìyẹn, tí ìlà ẹ̀ bá wá ń funfun tó ń bó, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù.

Mo tẹ́ táwẹ̀lì sínú báásìnì kí ìdí ìgò má baà já lulẹ̀ fọ́. Omi tó ti hó tí mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ni mo rọra ń dà sórí ìlà yẹn yí ká, lẹ́yìn náà omi ẹ̀rọ, mo tún da gbígbóná. Ooru kì í tètè rin nínú gíláàsì, ibi tó gbóná á fẹ́ fẹ̀, ibi tó tutù ò ní gbà, ni wọ́n á bá máa fa ara wọn títí ibi tí ìlà wà fi máa là. Ẹ ò nílò yìnyín o, ìyẹn ló ń jẹ́ kó là gba ibòmíì. Mo rí i tó ń dán lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà, ó dún tìn, orí ìgò sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ nígbà yẹn, sáǹpépà dúdú tó ń gba omi ló kù, mo bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 80 tó le jù, mo lọ sí 120, 220, títí dé 400 tó kúnná jù. Ẹ jọ̀ọ́, inú omi ni kẹ́ ẹ ti ha á, eruku gíláàsì tó bá gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má gbálẹ̀ ẹ̀, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Gílóòbù LED kékeré ni mo fi sínú ẹ̀, kì í ṣe àbẹ́là, torí iná tó bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò lè là á lójijì. Èyí tí àǹtí mi sì fẹ́ máa fi mu omi, mi ò tíì kó o fún wọn, ó dìgbà tí mo bá ha ẹnu ẹ̀ tinú tìta tán.