Ẹ wo sípíkà yín kẹ́ ẹ tó ra ámpù fún módélà gìtá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gìtá n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ ti tu owó jọ ra módélà bíi Helix tàbí Quad Cortex, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé ohùn ámpù gìtá oríṣiríṣi, tó wá ku ámpù tó máa gbé ohùn ẹ̀ síta, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni pé sípíkà wo lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn, wọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára ámpù, ni wọ́n á máa kà fún èèyàn.

Tó bá jẹ́ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ní ámpù nínú ni, ẹ má wulẹ̀ ra ámpù kankan, ẹ tan cab sim (ohun tó ń ṣàfarawé kábínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí sípíkà gìtá) inú módélà yẹn, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tán. Àmọ́ tó bá jẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì gìtá gan-an tí ò ní ámpù nínú, ẹ nílò ámpù, ẹ sì máa pa cab sim, torí kábínẹ́ẹ̀tì gidi ti wà ńlẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún kó ayédèrú lé e, gìtá á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Óòmù ló kàn, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dí iná tó ń bọ̀ látinú ámpù lọ́nà sí. Ẹ wo ẹ̀yìn kábínẹ́ẹ̀tì yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà, 4 tàbí 8 tàbí 16 ló máa wà níbẹ̀. Ámpù tí ò lo tube (ìgò kékeré tó ń tàn bíi gílóòbù nínú ámpù), iye tí wọ́n bá kọ pé kò gbọdọ̀ dín sí, ẹ má lọ sábẹ́ ẹ̀ o. Ká ní 8 ni, tẹ́ ẹ wá so kábínẹ́ẹ̀tì oní-8 méjì mọ́ ọn ní parallel (lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í ṣe títò tẹ̀léra), 4 nìyẹn, ó lè gbóná débi tó máa kú. Tẹ́ ẹ bá lọ sókè, kò léwu, agbára ẹ̀ ló kàn máa rẹlẹ̀: ámpù 600 wọ́ọ̀tì inú Kemper alámpù (módélà tó ní ámpù nínú), 8 óòmù ni 600 yẹn, tó bá di 16, 300 ló kù. Ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ńlá ara páálí tan èèyàn nìyẹn.

Wọ́ọ̀tì náà, láti 100 sí 200, decibel (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló fi lé, etí ò ní pè é ní ìlọ́po méjì rárá. Ẹ wo ohun tí sípíkà lè gbé pẹ̀lú, sípíkà Celestion kan tí wọ́n ń pè ní Vintage 30, 60 wọ́ọ̀tì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Greenback, 25 ni, torí náà ẹni tó ní Greenback kan ṣoṣo tó lọ ra 200 wọ́ọ̀tì, kó yáa mọ bó ṣe ń yí volume.

Iná wá ni. Lọ́dọ̀ tiwa ní Mọ́níyà, tó bá ti di aago méje alẹ́, gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tí ò sùn. Mo ti ra ámpù tọ́kùnbọ̀ kan rí, ẹni tó tà á ní ó ń gbé iná wa, mi ò yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, mo ki wáyà ẹ̀ bọ iná ara ògiri, ó dún "tọ́!" lẹ́ẹ̀kan, òórùn rọ́bà jíjóná gba yàrá. 120V ló wà lẹ́yìn ẹ̀, iná tiwa sì jẹ́ 230. Tẹ́ ẹ bá rí 100–240V, ọkàn yín balẹ̀, á gbé iná tiwa, kódà tó bá rẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ ra step-down (ohun tó ń fa 230 wálẹ̀ sí bíi 120) tó tóbi ju ohun tí ámpù yẹn ń jẹ lọ. Fún ẹni tó ń lo ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré, class D (irú ámpù tí kì í fi iná ṣòfò) ni kẹ́ ẹ mú, ó fúyẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Oní-tube dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo, ó ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ àmàlà, ẹ ò sì gbọdọ̀ tàn án láì so sípíkà mọ́ ọn láé.

Wáyà ńkọ́? Ẹ tú orí jack ẹ̀ wò. Ti sípíkà, okùn méjì tó nípọn bákan náà lẹ máa rí, ti gìtá, tín-ín-rín kan láàárín, tí irun wáyà wé mọ́. Ti gìtá yìí máa gbóná láàárín ámpù àti sípíkà, ẹ má lò ó níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra á, ẹ gbé módélà yín dání, ẹ ta clean (ohùn tó mọ́) kẹ́ ẹ tó ta distortion (ohùn tó há), ẹ wá yọ gìtá, ẹ yí volume dé ìdajì, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń kùn. Tó bá ń kùn bí oyin, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọlọ́jà.