Bí mo ṣe ń ṣọ́ ikọ́ láàárín àwa òṣìṣẹ́ ọsibítù

Mátíróònù wa ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ o, pé kí n máa ṣọ́ ikọ́ àti ibà láàárín àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa, kì í ṣe ti aláìsàn. Apá Yàbá níbí la wà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ṣe làwọn nọ́ọ̀sì ń dùbúlẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ títí tá ò fi réèyàn gba ṣíftì alẹ́.

Ibi tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sáré lọ ni rẹ́jísítà sick leave. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ta ló ń gba sick leave nítorí ikọ́ l'Ékòó yìí? Kiliná tó jẹ́ ti kọ́ńtíráàtì, ọjọ́ tí ò bá wá owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé tóun ò bá wá ẹnìkejì òun ló máa ṣe dọ́bù, dókítà ní tiẹ̀ á da Panadol méjì sẹ́nu, á fi másìkì bo imú, ó di wọ́ọ̀dù. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, inú ìwé ni wọn ò sí.

Ni mo bá gba ibi handover lọ, ìyẹn ìgbà tí ṣíftì kan ń fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Mo bẹ àwọn in-charge, ìyẹn àwọn olórí wọ́ọ̀dù, pé tí wọ́n bá ti ń gba ṣíftì, kí wọ́n kàn béèrè ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí ara ẹ̀ gbóná, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ṣí Google Sheets kan, mi ò kọ orúkọ síbẹ̀, nọ́ńbà ni mo fún kálukú, torí tí wọ́n bá fura pé ọ̀gá ń wò ó, ẹnu á pa dé. Mo ń kọ wọ́ọ̀dù, ṣíftì, ibi tó ti ń sinmi, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é o, kì í ṣe ọjọ́ tó sọ fún yín! Flu máa ń lo ọjọ́ 1 sí 4 lára kó tó hàn, COVID lè tó 14, ọjọ́ yẹn lẹ fi máa mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó kó ran ẹnìkejì.

Ohun tí WHO ń pè ní influenza-like illness, àìsàn tó jọ flu, ni mo fi ń díwọ̀n: ara gbígbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ikọ́, tí kò tíì ju ọjọ́ 10 lọ. Àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo Panadol kẹ́ ẹ tó gba tẹ̀mómítà gbọ́. Èèyàn méjì níbì kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo ti dìde nìyẹn.

Bó ṣe mú nìyí. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé, ọmọ láàbù, ọmọ fámásì, gbogbo wọn ń wúkọ́ pẹ̀lú ibà. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́ọ̀dù tò ó, kò sóhun tó pa wọ́n pọ̀. Mo wá fi ibi tí wọ́n ti ń sinmi tò ó, háà, yàrá kan náà ni gbogbo wọn ń sá wọ̀ lóru! Mo gòkè lọ wò ó: fèrèsé tí wọ́n fi ìṣó kàn pa nítorí ẹ̀fọn àti èéfín jẹnẹrétọ̀, AC kan tó kàn ń yí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ po, àga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Àǹtí nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibí la ti ń bọ́ másìkì."

A tú ìṣó, a fi nẹ́ẹ̀tì sí i. A gba sámpùlù imú àti ọ̀fun, inú ìtutù 2 sí 8°C la tọ́jú ẹ̀ sí, mo pe DSNO, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, èsì dé, influenza A ni, ìyẹn flu.

Owó kiliná ló wá le jù. Mo bi àwọn ọ̀gá ọsibítù pé ṣé wọ́n ti gbàgbé 2014 ni, nígbà tí Ebola wọ Èkó, tí òṣìṣẹ́ ọsibítù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó o, tó sì pa Dókítà Stella Adadevoh? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n gbà láti máa san ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́ni tó bá ń wúkọ́. Látìgbà yẹn làwọn kiliná ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn sikiọ́rítì ò sí nínú handover kankan, voice note ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ariwo danfo á kún inú ẹ̀, mo ṣáà ń gbọ́ ọ.