Bí mo ṣe sọ blówà Camry di fáànù kọ̀ǹpútà mi

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ni yàrá tí mo ti ń to fídíò ìgbéyàwó wà, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń nà láti àárọ̀. Tó bá ti di oṣù Ẹrẹ́nà, kọ̀ǹpútà mi kò ní tíì ṣe rẹ́ńdà (kó máa sọ fídíò tí mo tò di odindi kan) fún ìṣẹ́jú 20 tí processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, á fi gbóná dé 97°C. Tó bá ti débẹ̀, á fúnra rẹ̀ dẹ eré kó má baà jóná, iṣẹ́ wákàtí méjì á sì di ti wákàtí márùn-ún. Mo ra fáànù kékeré mẹ́ta kún un, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Blówà ọkọ̀, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn AC jáde níwájú awakọ̀, ló gbà mí.

Fáànù kọ̀ǹpútà ń ti atẹ́gùn lọ tààrà ni. Tí atẹ́gùn ọ̀hún bá kan heatsink, irin tó ń gba ooru kúrò lára processor, tó há bí eyín òòyà, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣẹ́rí padà. Ti blówà yàtọ̀: àgbá rẹ̀ ń fa atẹ́gùn wọlé láti àárín, ó ń fi agbára jù ú síta, ibi tóóró kò sì ní dá a dúró. Inú ọ̀nà AC tó rí wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n kúkú ṣe é fún.

Tòkunbọ̀ Camry Big Daddy ni mo ra tèmi, ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹ má ra motor àti àgbá rẹ̀ nìkan o. Ẹ ní kí wọ́n gé ike tó yí i ká, tó rí bí ìkarahun ìgbín, mọ́ ọn fún yín. Láìsí i, atẹ́gùn á kàn fọ́n káàkiri. Ẹ fi ọwọ́ yí àgbá náà wò, kò gbọdọ̀ ha, kò gbọdọ̀ mì. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí bátìrì kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí wáyà tó lọ síbi pọ́sítíìfù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí a bá pààrọ̀ wáyà méjèèjì, blówà á máa fa atẹ́gùn dípò kó máa fẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín náà ni á ṣì máa ti fà á. Agbára rẹ̀ á kàn dín kù, ariwo á sì pọ̀.

Ìdí iná ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Fáànù kọ̀ǹpútà àti blówà jọ ń lo 12V, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Fáànù kọ̀ǹpútà kì í sábà fa tó ampere 1 (ampere ni òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn). Blówà lè fa 10 sí 20 tó bá ń sáré tán, á sì fà ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ṣe ń gbéra. Tí ẹ bá so ó mọ́ ojú fáànù lórí motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ẹ ó jó motherboard náà ni. Èmi so tèmi mọ́ wáyà yẹ́lò (pọ́sítíìfù 12V) àti dúdú (nẹ́gátíìfù) lára power supply, àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà náà gan-an ní iná. Bó ṣe ní kóun gbéra báyìí, gbogbo ẹ̀rọ kú pi, iṣẹ́ oníbàárà tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ sì bá a lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Power supply àlòkù mìíràn ni mo wá yà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n máa ń kọ iye ampere tí 12V rẹ̀ lè gbé sára rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ju 20 lọ dáadáa. Ẹ so wáyà àwọ̀ ewé tó wà lójú onípín-ín 24, èyí tó máa ń wọ motherboard, mọ́ dúdú kan, á tan láìsí motherboard. Ẹ kó yẹ́lò mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, kí ẹ kó dúdú bẹ́ẹ̀, torí ẹyọ kan á gbóná. Fíúsì 20 ampere gbọ́dọ̀ wà lórí yẹ́lò. Ẹ má ṣí ikùn power supply o, iná ṣì ń wà nínú capacitor rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná.

Controller PWM, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra kíákíá, tó lè gbé 30 ampere ni mo fi ń dín eré blówà kù. Bọ̀dá rìwáyà àdúgbò wa ní kí n lo resistor, ẹ̀yà tó ń dín iná kù, tó bá a wá látinú ọkọ̀. Ó ṣeé lò, àmọ́ ojú atẹ́gùn blówà ni kó wà, bí wọ́n ṣe ṣe é nínú ọkọ̀, torí ó ń gbóná burúkú.

Ẹ yọ fáànù orí heatsink. Páálí ni mo kọ́kọ́ fi gé ọ̀nà atẹ́gùn láti ẹnu blówà dé heatsink, nígbà tó bá a mu ni mo tó fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é, mo sì fi tépù dí gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ gbé blówà sórí fóòmù nílẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má bọ́ sórí motherboard. Ẹ fi fáànù kékeré kan sílẹ̀ lójú CPU_FAN (ojú fáànù processor lórí motherboard), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tan.

Iṣẹ́ kan náà, ọ̀sán kan náà, 74°C ni mo rí, controller kò sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ o. Atẹ́gùn yàrá náà ló ń fẹ́. Mo ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn, ìka ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo Sátidé ni mo ń fọ nẹ́ẹ̀tì náà, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ kí n tó dá a padà.