Algae nínú táǹkì omi iyọ̀ tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ to táǹkì ẹja omi iyọ̀ máa ń béèrè jù nípa algae, ìyẹn ewédò tó ń hù nínú omi, nìwọ̀nyí. Ẹ wá èyí tó jọ tiyín, ẹ má sì tíì ra oògùn kankan kí ẹ tó kà á tán.

Ìbéèrè: Táǹkì mi kò tíì ju oṣù kan lọ. Yanrìn funfun tó wà nísàlẹ̀ ti di búráùn, bí ìgbà tí eruku bò ó. Kí ni mo ṣe?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Diatom nìyẹn, algae tíńtín tí ojú lásán ò lè rí níkọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí táǹkì tuntun tí kì í yọjú sí. Silicate, èròjà kan tó máa ń yọ́ sínú omi, ló fi ń kọ́ ìkarahun ara rẹ̀, silicate sì sábà máa ń wà lára yanrìn tuntun, òkúta tuntun àti omi ẹ̀rọ. Bó bá ti lò ó tán, á rọra pòórá fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa ru ojú yanrìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà fà á jáde nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi. Ìyẹn ti tó.

Bó bá wá ju oṣù méjì lọ tí kò kúrò, omi tí ẹ ń rọ sí i ni kí ẹ yẹ̀ wò. Omi tó ti gba inú asẹ́ RO/DI (èyí tó ń yọ èròjà tó yọ́ sínú omi kúrò) kọjá ló yẹ kó wọ táǹkì, mítà TDS, tó ń ka iye èròjà bẹ́ẹ̀, sì gbọ́dọ̀ kà á sí 0. Resin inú asẹ́ náà, ìyẹn hóró kéékèèké tó ń fa èròjà mọ́ra, máa ń lò tán, silicate sì wà lára àwọn ohun tó kọ́kọ́ ń yọ́ kọjá bí agbára rẹ̀ bá ti ń dín kù. Ẹni tó ra asẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò pààrọ̀ resin rẹ̀ rí, bí ẹni tí kò ní asẹ́ ló rí.

Ìbéèrè: Tèmi náà búráùn, àmọ́ ó ń fà bí ikun, afẹ́fẹ́ kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Àwọn ìgbín omi mi ti ń kú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nitrate mi jẹ́ 0, phosphate náà 0. Ṣé kì í ṣe pé omi mi mọ́ ni?

Omi yín mọ́ jù ni.

Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ń tọ́ka sí dinoflagellate, ohun alààyè tíńtín mìíràn, tí àwọn tó ń tọ́jú táǹkì ń pè ní dino. Nínú táǹkì tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ tò, ohun alààyè tó wà níbẹ̀ ṣì kéré. Bí nitrate àti phosphate, tí í ṣe oúnjẹ wọn, bá wá lọ sí òdo, ebi á pa bakitéríà àti àwọn algae yòókù tó yẹ kó máa bá dino du àyè, dino á wá gba gbogbo ilé. Òdo tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yangàn gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé òun ni. Ẹ fa díẹ̀ lára ikun náà pẹ̀lú omi táǹkì sínú ìgò tó mọ́ gaara. Ẹ mì í títí á fi tú ká, ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé omi tó jáde sábẹ́ iná fún bíi wákàtí kan. Dino á tún kóra jọ, á so mọ́ra bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Diatom ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní microscope, kódà èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, á rí i kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: irú dino tó ń jẹ́ Ostreopsis rí bí ẹ̀kán omi, ó sì máa ń yí po lójú kan; irú èyí tó ń jẹ́ Amphidinium rí bí ẹyin, ó ń rìn kiri láàárín yanrìn. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ostreopsis máa ń gbéra sínú omi lóru, nítorí náà ẹ̀rọ UV, tó ń fi ìtànṣán pa ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, lè mú un. Amphidinium kì í kúrò nínú yanrìn, owó tí ẹ bá ná sórí UV nítorí tirẹ̀ ti ṣòfò.

Ní ti ìwòsàn, ẹ bọ́ omi náà. Ẹ gbé ohunkóhun tí ẹ fi ń yọ phosphate jáde nínú omi kúrò, ẹ dín iṣẹ́ skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófò yọ ìdọ̀tí inú omi) kù, ẹ fi kún oúnjẹ ẹja, ẹ sì lè fi sodium nitrate gbé nitrate sókè sí bíi 5 sí 10 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), kí phosphate wà láàárín 0.05 sí 0.1 ppm. Ẹ dá pípààrọ̀ omi dúró fúngbà díẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń pa iná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì máa ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ bí òdo bá ṣì wà lórí mítà, á padà wá. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, ẹ má kánjú. Àwọn Ostreopsis kan ní májèlé nínú, torí náà kí ọwọ́ tó bá léegbò má wọ omi yẹn.

Ìbéèrè: Ewéko aláwọ̀ ewé tó gùn bí irun ló bo òkúta mi. Mo dán omi wò, nitrate àti phosphate fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kí ni ewé yìí ń jẹ?

Ohun tí ẹ ń wá nínú omi gan-an ló ń jẹ. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí algae ti jẹ yó ni ìdánwò ń kà fún yín, kì í ṣe gbogbo ohun tó wọlé. Òkúta náà lè máa tú phosphate jáde, pàápàá bó bá jẹ́ òkúta tó ti lo ọjọ́ nínú táǹkì ẹlòmíràn tí oúnjẹ ti kún inú rẹ̀. Ó lè tú u fún oṣù púpọ̀.

Ọwọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ tu u, ẹ gbé òkúta tó bá ṣeé gbé jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ fà kúrò nínú táǹkì. Ẹ má fọ̀ ọ́ nínú táǹkì o, gbogbo èérún tó bá já á tún hù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe àwọn òkòtó wọlé: Trochus dára, ó máa ń yí ara rẹ̀ padà bó bá ṣubú. Turbo ń jẹun jù ú lọ, àmọ́ kò sí coral (ẹranko òkun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta) tí ẹ kò bá lẹ̀ dáadáa tí kò ní bì lulẹ̀. Bí irun náà bá ti gùn jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí títu fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Ẹ má tan iná ju bíi wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo GFO, ìyẹn hóró kéékèèké tí wọ́n fi irin dídípẹtà ṣe, láti yọ phosphate kúrò, ìwọ̀n díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí phosphate bá já wálẹ̀ lójijì, coral ló máa jìyà rẹ̀, ẹ sì ti rí ohun tó ń dúró deni ní òdo.

Ìbéèrè: Tèmi pupa, ó tẹ́ bí aṣọ, ó sì ń ṣí kúrò lódindi.

Cyanobacteria ni, bakitéríà ni kì í ṣe algae. Ẹ fà á jáde, ẹ yí ojú pọ́ǹpù síbi tí omi ò ti rìn. Àwọn oògùn tó ń pa á wà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ inú omi kù, ẹ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kíkankíkan.

Ìbéèrè: Iye wo gan-an ló yẹ kí n máa lé?

Kí ẹja tó wọlé, amónìà àti nitrite, májèlé tó ń wá látara ìdọ̀tí, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ìyẹn máa ń gba bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí nitrite bá ṣì wà, ẹ má gba ohun tí ìdánwò nitrate bá sọ gbọ́, torí ó máa ń ti iye rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, nitrate láàárín 2 sí 10 ppm, phosphate láàárín 0.03 sí 0.1 ppm, táǹkì púpọ̀ ń gbádùn níbẹ̀. Èyí tí kò yí padà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ sàn ju èyí tó pé lónìí tó fò lọ́la. Ẹ máa gbọ́ nípa ìṣirò 16 sí 1 (nitrogen 16 sí phosphorus 1) tí onímọ̀ òkun Alfred Redfield ṣàkíyèsí lára plankton, àwọn ohun alààyè kéékèèké tó ń léfòó nínú òkun. Òkun ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa po oògùn sínú táǹkì kó lè bá a dọ́gba.

Ìbéèrè: Àmì aláwọ̀ osùn tó le bí òkúta ti ń yọ lára gíláàsì. Ṣé kí n há a kúrò?

Lójú gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè rí ẹja yín. Lórí òkúta, ẹ fi sílẹ̀. Coralline ni, algae tí a ń fẹ́ ni, ó ń gba àyè tí irun yẹn ì bá gbà. Calcium ló fi ń kọ́ ara, nítorí náà bó bá ti ń gbèrú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn calcium àti alkalinity (agbára omi láti pa ásíìdì).